Ìtọ́jú Ọkàn Àwọn Ọ̀dọ́langba Tí Ogun Lé Kúrò Nílé: Ohun Tí Ìrẹsì àti Owó Ilé-Ìwé Kò Lè Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé gbogboogbò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn olùrànlọ́wọ́, lẹ́yìn ìrun Alásàárì. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún àǹfààní àwọn tí kò rí ààyè wá.

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Un, Ọba tí kì í gbàgbé ẹnì kan nínú ẹrú Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ òrukàn kí ó tó di aṣíwájú gbogbo ẹ̀dá, àti àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

 

Iṣẹ́ tí alága rán wa ni kí a sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ọmọ òrukàn. Ẹ ti gbọ́ púpọ̀ lórí ẹ̀san tí ó wà níbẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ọ̀rọ̀ Ànábì nípa ẹni tí ó gba ọmọ òrukàn tọ́jú, bí yóò ṣe súnmọ́ òun tó ní Àlùjánńà. Èyí tí a kì í sọ ni a fẹ́ sọ lónìí. A fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ tí ojú wọn ti rí ogun, tí wọ́n ń bàlágà lọ, tí ìrẹsì wa ń dé ọ̀dọ̀ wọn ṣùgbọ́n tí ìtọ́jú wa kò dé ọkàn wọn. A óò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àṣìṣe tí àwa fúnra wa ṣe.

Ọmọ tí ó wá láti Bama

Ní ọdún 2015, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò àlùbọ́sà ní Sábó ìlú wa mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọdún 13 ni. Bama, ní ìpínlẹ̀ Borno, ni ó ti wá. Àwọn Boko Haram gba ìlú yẹn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ó sì di oṣù kẹta ọdún 2015 kí àwọn sójà ìjọba tó gbà á padà. Wọ́n pa bàbá ọmọ náà lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ wà ní àgọ́ ní Màídúgùrì.

A kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ọmọ òrukàn. A san owó ilé-ìwé rẹ̀, a rán aṣọ fún un, a fún un ní ìrẹsì, epo, gàárì àti ibùsùn, a sì fi í sínú ilé tí àwọn ọmọ wa ń gbé. Gbogbo ohun tí a fún un ni a kọ sínú ìwé ìṣirò. A rò pé iṣẹ́ ti parí.

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún 2016 dé, tí a fẹ́ pín ẹrù fún àwọn ọmọ òrukàn níwájú àwọn ọlọ́lá ìlú, a pè é síta. A gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́. A ní kí ó sọ bí wọ́n ṣe pa bàbá rẹ̀. Ó dákẹ́. A ní kí ó má bẹ̀rù, pé ilé ni ó wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ ní èdè Hausa, àbúrò bàbá rẹ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Àwọn ìyá wa sunkún. Owó tí a rí kó jọ lọ́jọ́ náà pọ̀ ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. A dúpẹ́, a ṣe àdúà, a ṣínu. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tí ó wo ojú ọmọ náà nígbà tí ó padà lọ jókòó.

Láti ìgbà yẹn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ sílé, ọmọ ọdún 14. Ẹni tí ó ń bójú tó ilé náà nà án, ó ní ọ̀lẹ ni. Olùkọ́ rẹ̀ ní ó máa ń sùn ní kíláàsì. Nígbà tí Iléyá dé, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń yin ìbọn ọdún, ó fo ògiri. A wá a títí di Mọ̀gàríbà. Inú kòtò àgbàrá tí ó wà lẹ́yìn ọjà ni a ti bá a, ó ká jọ bí ẹni tí òtútù ń mú. Àwọn kan ní àlùjọ̀nnú ni. A ṣe rúkíyà fún un. Rúkíyà kò burú, sunnah ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rúkíyà, kò sí ẹni tí ó bi í léèrè bí ó ṣe ń sùn sí.

Ní ọdún 2017 ó bàlágà. Òfin ẹgbẹ́ wa sọ pé ọmọ tí ó bá ti bàlágà ti kúrò ní ọmọ òrukàn. A fa igi lé orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ọwọ́ tí a fi di ìwé yìí mú báyìí, ọwọ́ akọ̀wé, ni ó fa igi náà. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí ó fi kúrò lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀. Ẹnì kan ní òun rí i ní gáréèjì kan ní Èkó. Ẹlòmíràn ní ó ti padà sí Àríwá. Títí di òní a kò mọ ibi tí ó wà. À ń fi í sínú àdúà. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe àdúà lórí àṣìṣe, ó tún kù kí a wádìí ohun tí ó fà á.

Ohun tí ogun náà ṣe fún àwọn ọmọ

Ìjà Boko Haram bẹ́ sílẹ̀ ní gbangba ní Màídúgùrì ní oṣù keje ọdún 2009. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ kéde òfin pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa. Ní oṣù kejì ọdún 2014, wọ́n ya wọ ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Buni Yadi lóru, wọ́n pa àwọn ọmọkùnrin tí ó ń sùn níbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún kan náà wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní Chibok. Ní oṣù kejì ọdún 2018 wọ́n tún kó 110 ní Dapchi. Àjọ UNICEF sọ ní ọdún 2018 pé láti ọdún 2009, ó kéré tán olùkọ́ 2,295 ni wọ́n ti pa, ilé-ìwé tí ó lé ní 1,400 sì ti bàjẹ́.

Èyí tí ó wá burú jù ni pé wọ́n fi ọmọ ṣe ohun ìjà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 títí di oṣù kẹjọ ọdún náà, UNICEF ka ọmọ 83 tí wọ́n so bọ́ǹbù mọ́ lára. Àwọn 55 jẹ́ ọmọbìnrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì pé ọmọ ọdún 15.

Ẹ wo ohun tí èyí fà. Ọ̀dọ́langba tí ó sá àsálà dé àgọ́, àwọn ènìyàn á kọ́kọ́ bẹ̀rù rẹ̀ ná. Ọmọbìnrin tí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn nínú igbó Sambisa, tí ó ti rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, àwọn ará ilé rẹ̀ tún ń pè é ní ìyàwó Boko Haram. Ìwádìí tí UNICEF àti àjọ International Alert gbé jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni, àti pé wọ́n ń pe ọmọ tí ó bá gbé pọ̀n bọ̀ ní ẹlẹ́jẹ̀ burúkú. Ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú igbó jẹ́ ọgbẹ́ kan. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ nígbà tí ó délé jẹ́ òmíràn.

Bí ọgbẹ́ ọkàn ṣe ń hàn

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí okùn, yóò sá. Òwe yìí gan-an ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ń ṣàlàyé fún wa. Ọlọ́hun dá ohun kan sí ara ọmọ ènìyàn tí ó ń pariwo fún un nígbà tí ewu bá dé: àyà á já, èémí á yára, ẹsẹ̀ á fẹ́ sáré. Nígbà tí ewu bá kọjá, ariwo náà á rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ewu dé bá léraléra, tàbí tí èyí tí ó dé bá a kọjá agbára rẹ̀, ariwo náà lè má rọlẹ̀ mọ́. Ìbọn ọdún á dún, ara rẹ̀ á rò pé ìbọn Bama ni. Kì í ṣe pé ó ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀, kò sì sí ẹgba tí ó lè lé e kúrò.

Nínú ọmọ kékeré, ẹ óò rí ẹkún, dídìmọ́ ìyá àti eré ogun. Nínú ọ̀dọ́langba, ó máa ń fara pamọ́. Ó lè dàbí ìwà burúkú, ìdí nìyí tí a fi ń ṣì í mú. Ẹ ṣàkíyèsí àwọn nǹkan wọ̀nyí bí wọ́n bá pẹ́ ju oṣù kan lọ: àlá burúkú àti àìróorunsùn, ìbínú òjijì lórí ohun kékeré, kí ọmọ máa yẹra fún ojú ọ̀nà kan, òórùn kan tàbí ọ̀rọ̀ kan, kí ó jókòó sáàrin ènìyàn ṣùgbọ́n kí ọkàn rẹ̀ má sí níbẹ̀, kí ẹ̀kọ́ má wọ orí rẹ̀ mọ́ nígbà tí ó jẹ́ ọlọ́pọlọ pípé tẹ́lẹ̀, orí fífọ́ àti inú rírun tí dókítà kò rí ìdí rẹ̀, kí ó máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun yè nígbà tí àwọn ẹlòmíràn kú. Àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí lo tramadol kí wọ́n lè rí oorun sùn. Bí ẹ bá gbọ́ tí ọmọ sọ pé òun kò rí ohun tí òun ń ṣe láyé, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan lọ́jọ́ náà.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìṣirò jáde pé nínú ènìyàn 100 tí ó ń gbé ibi tí ogun ti jà láàrin ọdún mẹ́wàá tí ó ṣáájú, nǹkan bí 22 ni ó ní àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn. Ọ̀kan nínú márùn-ún nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a ka ìṣirò náà láti ìhà méjèèjì. Ó sọ fún wa pé àwọn tí ó nílò ìtọ́jú pọ̀. Ó tún sọ fún wa pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn kò ya. Ìbànújẹ́ wà lára wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí ààbò, ẹbí, ilé-ìwé àti ẹni tí ó dúró tì wọ́n, ara wọn á máa balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo ọmọ tí ó ti Borno wá kí ó sọ pé ti onítọ̀hún ti bàjẹ́.

Kì í ṣe àìnígbàgbọ́

Àwọn ará kan á sọ pé bí ọmọ náà bá ń kírun dáadáa, tí ó ń ka Alùkùránì, kò yẹ kí ọkàn rẹ̀ dàrú. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa. Ta ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ tó ti Ànábì Yaaqub? Síbẹ̀ Suratu Yusuf sọ fún wa pé ó banújẹ́ lórí ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi funfun. Yusuf gan-an, ọmọdé ni nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ jẹ ọmọ bàbá jù ú sínú kànga. Ànábì wa Muhammad náà sunkún nígbà tí Ibrahim ọmọ rẹ̀ kú, bẹ́ẹ̀ ni ọdún tí Khadija àti Abu Talib kú, ọdún ìbànújẹ́ ni ìtàn ń pè é títí di òní. Ìrun àti Alùkùránì jẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ ńlá, a kò gbọdọ̀ gbà wọ́n lọ́wọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sọ wọ́n di ẹgba tí a fi ń nà án. Lárúbáwá tí ó bi Ànábì léèrè lórí ràkúnmí rẹ̀, Ànábì ní kí ó so ó ná, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun. Ìtọ́jú ọkàn ni okùn ràkúnmí yẹn.

Ohun tí ó ń ran ọmọ lọ́wọ́

Ní ọdún 2007, àwọn àjọ tí ó wà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àwọn àjọ aláàánú jọ ṣe ìlànà kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fi wé ilé alájà mẹ́rin. Àjà ìsàlẹ̀ ni ààbò àti oúnjẹ, omi àti ibùsùn, tí a fún ènìyàn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àjà kejì ni ẹbí, mọ́sáláṣí, ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Àjà kẹta ni ìrànlọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ẹlòmíràn. Àjà kẹrin ni dókítà ọpọlọ, fún àwọn díẹ̀ tí ọgbẹ́ wọn jìn. Ẹgbẹ́ wa ti ń ṣe ti ìsàlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ibẹ̀ ni a dúró sí.

Ní ọdún 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé ìwé kan jáde lórí ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ fún ọkàn. Kò ní kí olùrànlọ́wọ́ jẹ́ dókítà. Ohun mẹ́ta ni ó ní kí a ṣe: kí a wò, kí a gbọ́, kí a sì so ẹni náà pọ̀ mọ́ ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà. Ó sì ṣe ìkìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi ipá mú ẹni tí jàm̀bá ṣe kí ó sọ ìtàn rẹ̀. Ẹ̀yin ará wa, nígbà tí a ka ibẹ̀, orí wa tẹ̀ ba. Ìwé náà ti wà fún ọdún márùn-ún nígbà tí a gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé ọmọ yẹn lọ́wọ́.

Kò túmọ̀ sí pé kí ọmọ má sọ ọ́ rárá. Ọmọ tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí á gbọ́ ọ, ní ìkọ̀kọ̀, ní ìwọ̀n tí ó bá fẹ́, pẹ̀lú ẹni tí ó yàn, kí a má sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ọgbẹ́ rẹ̀ bá jìn, àwọn onímọ̀ wà tí wọ́n kọ́ bí wọn yóò ṣe mú un padà sórí ìrántí náà díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní lè dẹ́rù bà á mọ́. Iṣẹ́ onímọ̀ ni èyí, kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ ìpínfúnni.

Àwọn ohun kéékèèké wà tí àwa náà lè ṣe. Kí àkókò jíjẹun, ìrun, ẹ̀kọ́ àti oorun má máa yí padà, nítorí ọmọ tí ayé rẹ̀ ti dojú rú nílò ọjọ́ tí ó mọ bí yóò ṣe rí. Kí a kọ́ ọ bí a ṣe ń mí sínú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí a sì mí síta fún àkókò tí ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí ìrántí bá gbé e lọ, kí a ní kí ó dárúkọ ohun márùn-ún tí ó ń rí níwájú rẹ̀, kí ó fọwọ́ kan ilẹ̀, kí ó sọ ibi tí ó wà àti ọjọ́ tí a wà. Kí a sọ fún un ṣáájú bí ìbọn ọdún bá fẹ́ dún. Kí a fún un ní bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ ọwọ́ àti ọ̀rẹ́.

Ogun ọdún 1991 sí 2002 ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone, tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, kó ọ̀pọ̀ ọmọ wọ iṣẹ́ ogun. Láti ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ ti ń tọpa àwọn kan nínú wọn títí wọ́n fi dàgbà. Ohun tí wọ́n rí ni pé kì í ṣe ohun tí ojú ọmọ rí lójú ogun nìkan ni ó ń sọ bí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ yóò ṣe rí. Bí ilé àti àdúgbò ṣe gbà á padà wà lára rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n tẹ́wọ́ gbà ṣe dáadáa ju èyí tí wọ́n ń yọ ṣùtì sí lọ.

Ní Màídúgùrì gan-an, agbẹjọ́rò kan tí ó jẹ́ mùsùlùmí, Zannah Mustapha, dá ilé-ìwé Future Prowess sílẹ̀ ní ọdún 2007 pẹ̀lú ọmọ òrukàn 36. Nígbà tí ogun dé, kò ti ilẹ̀kùn. Ọmọ sójà tí wọ́n pa àti ọmọ Boko Haram tí wọ́n pa jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì kan náà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń gba aṣọ àti ìtọ́jú. Ó tún kó àwọn ìyá wọn tí ó jẹ́ opó jọ sínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2017, tí àjọ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún un ní ẹ̀bùn Nansen, àwọn ọmọ náà ti di 540. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé kí a má bi ọmọ léèrè irú ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ kí a tó fún un ní àyè ìjókòó.

Ilẹ̀ wa níbí náà mọ ọgbọ́n yìí. Ní ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àró, Abẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Gbogbo ayé ni ó wá wò ó. Ọsibítù náà ṣì wà ní Àró, irú rẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Màídúgùrì. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó dá lórí ọ̀rọ̀ wèrè. Kí ojú má tì wá láti mú ọmọ lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán kì í fi ìtìjú jókòó sílé.

Ọ̀rọ̀ sàká àti ọ̀rọ̀ bàlágà

A ti gbọ́ ìbéèrè tí ó wà lẹ́nu yín: ṣé sàká lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ó ti bàlágà? Òótọ́ ni pé hádíìsì sọ pé kò sí jíjẹ́ òrukàn lẹ́yìn bàlágà. Orí èyí ni a gbé òfin wa lé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Suratu Tawbah, ibi tí Ọlọ́hun ti ka ìsọ̀rí ènìyàn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Kò dárúkọ ọmọ òrukàn níbẹ̀. Ó dárúkọ aláìní, ó dárúkọ tálákà, ó dárúkọ ẹni tí ìrìn-àjò ká mọ́. Ọmọ òrukàn tí a ń fún ní sàká, àìní rẹ̀ ni a wò fún un. Nígbà tí ó bá bàlágà, jíjẹ́ òrukàn lè lọ, ṣé àìní náà lọ? Ọmọ Bama yẹn kò di olówó lálẹ́ ọjọ́ tí irùngbọ̀n rẹ̀ hù.

Ẹ tún wo Suratu Nisai. Ọlọ́hun sọ ìgbà tí a óò kó dúkìá ọmọ òrukàn lé e lọ́wọ́. Kò fi mọ sí kí ó dàgbà tó ẹni tí ó lè gbéyàwó. Ó tún ní kí a dán an wò, kí a rí i pé làákàyè rẹ̀ ti dúró. Ẹ̀sìn wa mọ̀ pé ara lè bàlágà kí ọkàn má tíì balẹ̀. Àwa ni a fi bírò pààlà síbi tí Ọlọ́hun kò pààlà sí.

Nípa owó ẹni tí yóò máa gbọ́ àwọn ọmọ, a ti bi àwọn ààfáà wa. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún wa, tí ọkàn wa sì balẹ̀ sí, ni pé kí sàká dé ọwọ́ ọmọ tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ fún jíjẹ, mímu, owó ilé-ìwé àti oògùn, kí owó iṣẹ́ olùtọ́jú sì wá láti inú sàráà. Nípa bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní í ṣiyèméjì lórí sàká rẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún

Ìgbìmọ̀ ti jókòó, ó sì mú nǹkan márùn-ún wá síwájú yín kí ẹ fọwọ́ sí i. Àkọ́kọ́, a kò ní í fa igi lé orúkọ ọmọ kankan mọ́ nítorí bàlágà nìkan. Yóò wà nínú ìwé títí yóò fi parí ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èkejì, a óò rán ọkùnrin méjì àti obìnrin méjì nínú wa lọ kọ́ bí a ṣe ń ran ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ lọ́wọ́, kí obìnrin máa gbọ́ ti àwọn ọmọbìnrin. Ẹ̀kẹta, a ti fi òfin de ẹgba nínú ilé àwọn ọmọ. Ọmọ tí ó bá tọ̀ sílé, aṣọ ibùsùn ni a óò pàrọ̀ láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ bá jìn, a óò bá a lọ sí ọsibítù, a óò sì dúró tì í títí. Ẹ̀karùn-ún, kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́. Ọmọ kankan kò ní í sọ ìtàn ikú òbí rẹ̀ níwájú àwùjọ, a kò sì ní í tẹ àwòrán ojú rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wa.

A mọ̀ pé èyí tí ó kẹ́yìn yìí lè dín owó kù. Omijé ọmọ a máa ṣí àpò. A ti jẹ nínú owó yẹn rí, a sì mọ ohun tí ó ná ọmọ náà. Nítorí náà a ń bẹ ẹ̀yin olùrànlọ́wọ́ wa: ẹ fún wa lówó láìrí ojú ọmọ. Ẹ gba ìwé ìṣirò wa gbọ́; bí ẹ kò bá gbà á gbọ́, ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọlọ́hun ní kí a má ṣe fi agbára jẹ ọmọ òrukàn níyà. A ti ń rò pé ẹni tí ó gba dúkìá rẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn bá wí. Ìbànújẹ́ ọmọ náà wà lára ohun ìní rẹ̀. Kò yẹ kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tà.

Ọmọbìnrin méjì láti ìpínlẹ̀ Yobe wà nínú ìwé wa báyìí. Bí a kò bá yí òfin wa padà, orúkọ wọn yóò jáde kí ọdún tí ń bọ̀ tó parí. Ọ̀kan nínú wọn kì í sùn bí ẹnikẹ́ni kò bá ti ilẹ̀kùn hàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ìyáàfin tí ó ń bójú tó ilé náà ti ń tì í hàn án lálaalẹ́, láìbínú, láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọ náà bèèrè. Ẹ̀yin ará wa, irú iṣẹ́ tí à ń sọ nìyí. Kò ṣeé kó jọ sójú agbo kí a ya fọ́tò rẹ̀.

Ojú àpá kì í jọ ojú ara, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tí a tọ́jú a máa jiná. Kí Ọlọ́hun Ọba wo ọkàn àwọn ọmọ wọ̀nyí sàn. Kí Ó so ìdílé wọn pọ̀ padà, kí Ó dá àlàáfíà padà sí Borno, Yobe, Adamawa àti gbogbo ibi tí ogun ti ń jà. Ọmọ wa tí a sọnù, ibikíbi tí ó bá wà lálẹ́ yìí, kí Ọlọ́hun fún un ní oorun. Kí Ó fi orí jì wá lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí Ó má sì jẹ́ kí a tún irú rẹ̀ ṣe. Kí Ó gba sàká àti sàráà yín, kí Ó fi àlùbáríkà sí èyí tí ó kù lọ́wọ́ yín. Áàmín.